Bí Mo Ṣe Mọ Ìtumọ̀ Amọ̀sẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé ilé wa ní Sabon Tasha, ní Kaduna, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá ìlú wa fi máa ń pe ara wọn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò lè gbọ́ ọ mọ́, bí ẹ bá sì gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé orúkọ ẹnìkan ni. Amọ̀sẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ìsìn bá parí ní ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn obìnrin tú síta, "amọ̀sẹ́ mi" ni ẹ ó máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ mọwọ́ ara yín, tí o lè wọ yàrá rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn, tí ó mọ ibi tí o ń fi iyọ̀ sí, òun ni amọ̀sẹ́ rẹ. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni.

Ẹ má wò mí lójú kí ẹ ní mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń sọ ìtàn ìgbà èwe. Ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Kaduna, ẹni tó bá ní in á máa sọ̀rọ̀ sókè lójú títì kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé òun ní in. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti mú mi gbó ju ọjọ́ orí mi lọ.

Ìlú wa kéré, apá Kogi ló wà, èdè wa sì jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá tí àwọn ará Ìlọrin tí a jọ ń gbé Kaduna máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ilé wa, bàbá mi ń sọ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn gbọ́, ìyá mi ń sọ èdè ìlú, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ń dá wọn lóhùn ní Hausa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń ṣe. Ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbà fún wa ni ìyá arúgbó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ọgbà kan náà. Kaka ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà, Hausa kan ṣoṣo tí ó sì gbà lẹ́nu wa nìyẹn. Bí o bá fi èyí tó kù bá a sọ̀rọ̀, yóò máa wò ọ́ bí ẹni tí etí rẹ̀ di, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi wá Yorùbá ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kúlíkúlí ni Kaka ń ṣe tà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo jẹun tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Yóò ti yan ẹ̀pà, yóò ti lọ̀ ọ́, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì fún un kí òróró rẹ̀ lè jáde, èmi yóò sì jókòó tì í, a ó máa sọ̀rọ̀. Èdè ìlú tí mo gbọ́ dáadáa lónìí, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá mi bí mi ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Kaka ló kọ́ mi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kaka ní amọ̀sẹ́ tirẹ̀. Òun ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní Kaduna, obìnrin gíga kan tí ń gbé Ungwan Boro, tí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò wọ mọ́tò wá sọ́dọ̀ Kaka. Wọ́n ti jọ wà láti ìgbà tí wọ́n jọ tẹ̀lé ọkọ wá sí Kaduna. Bí wọ́n bá jókòó, ẹ ó rò pé ìyàwó tuntun méjì ni wọ́n. Ìyá Ẹgbẹ́ á bu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìkòkò Kaka, á sì máa bú Kaka pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, Kaka á ní kó lọ máa jẹ tilé rẹ̀.

Ní ọdún yẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Olùkọ́ ni Akọ̀wé, òun ló ń kọ́ àwa ọmọdé ní ìwé Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, bírò méjì kì í kúrò lápò ẹ̀wù rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ni àgbàlagbà àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tó sì dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ní èdè ìlú wa ń kú lọ, àti pé òun fẹ́ kó àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé kékeré kan, kí ọmọ tí wọ́n bí sí Kaduna lè rí nǹkan dì mú. Ó ra ìwé àjákọ tuntun fún mi, ó ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá sí i. "Èmi, bí mo bá bi wọ́n, wọn á kàn máa rẹ́rìn-ín ni," ó ní. "Ìwọ ni wọn yóò sọ ọ́ fún."

Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé náà. Mo kọ orúkọ oríṣiríṣi ewébẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹ̀yà ara òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ, tí mi ò rí rí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń gbé e fún Akọ̀wé, yóò kà á, yóò mi orí, yóò dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ náà sì ni amọ̀sẹ́. Akọ̀wé ní inú "iṣẹ́" ló ti wá. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ ìpàdé kan pé ẹnu àwọn ará ìlú wa kò ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ, nítorí náà àwọn obìnrin méjì tó jọ mọ iṣẹ́, tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko ní àáró, àwọn ni amọ̀sẹ́. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà. Ìyá Ẹgbẹ́ kàn fa ọwọ́ Kaka sókè níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Èyí ni ìtumọ̀ rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rí i pé Kaka kò rẹ́rìn-ín.

Mo bi í lọ́jọ́ kejì. Ó ní ọ̀rẹ́ ni, kí n kọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Mo ní Akọ̀wé ní iṣẹ́ ni. Ó ní kí Akọ̀wé máa wí. Mo tún bi í lọ́jọ́ kẹta. Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe bó bá ti rí i pé àgbà ń fi nǹkan pamọ́. Ọjọ́ kan wá tí Ìyá Ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, abọ́ tí wọ́n fi jẹun ṣì wà nílẹ̀, mo tún bi í. Kaka nu epo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní kí n sún mọ́ òun. Mo ń fi Yorùbá gbogbogbòò sọ ọ́ fún yín báyìí, ṣùgbọ́n èdè ìlú ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ó ní ní ayé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kó ènìyàn lẹ́rú ní apá ọ̀dọ̀ wa, ìlú wa bá wọn ṣe àdéhùn. Wọ́n ń fún wọn ní iṣu àti aṣọ lọ́dọọdún, àwọn náà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ìlú. Àlejò tí wọ́n bá bá lójú ọ̀nà nìkan ni wọ́n lè mú. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan létí odò. Ó ń ké pé ọmọ ìlú ni òun. Wọ́n mú un wá sí ẹ̀yìn odi, wọ́n sì bi ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni ẹni náà. Inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Ọ̀rẹ́ yìí wo ojú rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n sì mú un lọ. Kò padà wálé mọ́ láéláé.

"A-mọ̀-sẹ́," Kaka wí, ó ń já a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni já okùn. "Ẹni tó mọ̀ ọ́, tó sì sẹ́ ọ. Ìyá ọmọ tí wọ́n mú lọ ló fi pe ọ̀rẹ́ náà, níwájú ilé baba rẹ̀."

Mo bi í léèrè ìdí tí ẹni náà fi sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ni, ẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò mú òun náà. Ó ní àwọn àgbà kó ilé méjèèjì jọ, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ mọ́. Ilé ẹni tí wọ́n mú lọ ń sọ fún àwọn ọmọ pé àìsàn ló pa á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ti gbọ́ orúkọ náà ná. Wọ́n ń fi ṣeré, bí wọ́n bá rí ọ̀rẹ́ méjì tó ń rìn pọ̀, wọ́n á ní ẹ wo àwọn amọ̀sẹ́. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń kú tán, ìtàn lọ, ọ̀rọ̀ kù, ó sì di ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Nígbà náà ló wá sọ èyí tí kò yẹ kó sọ fún ọmọdé. Ìyá ìyá Kaka gan-an ni ẹni tó sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Kaka nígbà tó ń ṣàìsàn ikú. Ẹni tí wọ́n mú lọ sì jẹ́ àbúrò ìyá ìyá Ìyá Ẹgbẹ́.

"Kò mọ̀," Kaka ní. "Gbogbo ìgbà tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi kì í lè wo ojú rẹ̀. Má kọ ọ́ o. Kọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀." Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Lóòótọ́ ni mi ò kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ ni mo kọ.

Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Akọ̀wé ka ìwé mi, ó dé ibi amọ̀sẹ́, ó ní Kaka ti darúgbó, kò rántí nǹkan mọ́, iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ó ṣe sọ pé Kaka kò rántí nǹkan ni ó dùn mí. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, mo tún fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ ohun tí òun kò mọ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó ṣèlérí. Ó fi ìdérí bo bírò rẹ̀, ó fi í sápò, ó ní, "Láàárín èmi àti ìwọ ni. Mi ò ní kọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ilé tí ẹni tó sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n mú lọ ti jáde wá. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Mo fò délé ni.

Oṣù mélòó kan kọjá kí ìwé náà tó jáde. Ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti gbé e jáde, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan tí a máa ń lò. Orúkọ Akọ̀wé wà lẹ́yìn ìwé pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Mo gba ẹyọ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ mi láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí níbẹ̀. Mo ṣì ń wá a nígbà tí mo gbọ́ tí Akọ̀wé ní òun fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ó kà á tán pátá. Ó ka àwọn ẹlẹ́ṣin, ó ka odò, ó ka ẹ̀yìn odi. Ó dárúkọ ilé méjèèjì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé ẹ̀bùn ni òun ń fún wa.

Kaka àti Ìyá Ẹgbẹ́ ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìyá Ẹgbẹ́ kò pariwo. Ó yíjú sí i, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ṣé o mọ̀?"

Kaka ní, "Mo mọ̀."

Ìyá Ẹgbẹ́ ṣí gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Nígbà náà ni Kaka dìde, ó sì bi Akọ̀wé pé ta ló sọ ọ́ fún un. Mo wo Akọ̀wé. Mo rò pé yóò ní baba òun ló sọ ọ́ fún òun, tàbí kó kàn dákẹ́. Èmi tí orúkọ mi kò sí nínú ìwé rẹ̀, ìgbà yẹn ló wá rántí mi. Ó nawọ́ sí ibi tí mo jókòó sí, ó ní, "Ọmọ yìí ló kó o wá fún mi. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó sọ ọ́, Mà."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Mo fẹ́ sọ pé ó ṣèlérí fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ṣèlérí fún ẹlòmíràn. Ìyá mi fà mí lápá jáde. Lójú ọ̀nà, ó ń bá mi wí pé mo ti ba ilé méjì jẹ́. Kò bú Akọ̀wé rárá. Àgbà ni Akọ̀wé, ọmọdé ni mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Kaka lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i ní èdè ìlú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bí ẹni pé ọmọ tó wá ra kúlíkúlí ni mí.

"Sannu," ó ní. "Ina mamanki?"

Hausa ló fi kí mi. Ó ń béèrè ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí ju bí ì bá ṣe gbá mi létí lọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́ ní èdè ìlú, ó ní, "Ba komai," pé kò sí nǹkan kan, ó sì ń fún ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò fi Yorùbá kan ṣoṣo bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bínú sí mi lójú, kò lé mi. Bí mo bá lọ jókòó tì í, yóò fún mi ní kúlíkúlí bí ó ti ń fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n Hausa ni, Hausa ni, bí ẹni tí ń bá aládùúgbò tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀.

Ó lọ sí Ungwan Boro lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tí mo mọ̀. Ìyá mi bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ máa ń gbé àga fún un, wọn á fún un lómi, wọn á ní ìyá àwọn ń sùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó títí oòrùn fi yí, ó sì gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá, ó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wá mọ́tò padà sí Sabon Tasha. Kò lọ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń béèrè ara ọmọ. Wọn kò jọ jókòó pọ̀ mọ́. Ọdún kejì ni ọmọ Kaka wá mú un padà lọ sí ìlú wa. Ìyá Ẹgbẹ́ kò wá sìn ín. A kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò, gbogbo wa to ara wa, ó ń gbà wá mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń súre fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èdè ìlú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbà mí mọ́ra, ó dì mí mú pẹ́, mo gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Mo ń dúró de ìre tèmi. Ó ní, "Sai an jima," pé ó dìgbà díẹ̀ sí i, bí Hausa ṣe ń dágbére. Ó wọ mọ́tò. Kò pé ọdún mẹ́ta tí a gbọ́ ikú rẹ̀.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́, èmi náà ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé gbó, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá nínú ẹgbẹ́ nítorí ìwé náà, mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, mo lọ bá a, mo rọra bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣèlérí fún mi bí ó bá mọ̀ pé òun yóò kọ ọ́. Ó ronú. Mo rí i pé ó ń wá a lóòótọ́. "Ṣé mo ṣèlérí?" ó ní. "Má bínú, ọmọ mi, mi ò rántí o." Ohun tí mo gbé káàkiri láti ọdún wọ̀nyí wá, kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, sà.

Ayé ti yí padà. Àwọn tó ń pe ara wọn ní amọ̀sẹ́ ti lọ tán, àwọn tó kù ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé Akọ̀wé wà lórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, mi ò sì rí ẹni tó ń kà á. Ní ìpàdé, àwọn òbí ń ráhùn pé Hausa ni ọmọ fi ń dá àwọn lóhùn, wọ́n ní kí èmi olùkọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọbìnrin mi náà ń ṣe é. Mo lè pè é ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Hausa ni yóò fi jẹ́ mi. Àwọn ènìyàn rí i pé ojú mi máa ń yí padà, wọ́n rò pé nítorí èdè wa tó ń kú ni. Mo ń jẹ́ kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò ní nǹkan kan nínú sí mi, Hausa ló kàn sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí n tó rántí ìyẹn, ó ti máa ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí, kí n bi í léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.